Àpò Tó Ju Ẹnu Ọ̀nà Lọ

Abọ́ṣẹ̀dé fi fáìlì kan ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́,
nínú fláàṣì tó fi ọ̀rá dì bí ẹni di iyọ̀.
Gíìgì mọ́kànlá.
"Ohùn Màmá ló wà níbẹ̀," ó ní,
"gbogbo ohun tí wọ́n sọ kí ọ̀fun wọn tó dí.
Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ:
kọ̀mpútà tí mo fi dì í ti kú,
kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á."

Mo gbé e lọ bá àwọn ayẹ̀fáìlìwò orí ayélujára,
àwọn tí àádọ́rin ojú wà lẹ́nu ibodè wọn,
tí wọn kì í gbowó, tí wọn kì í gbẹ̀bẹ̀.
Ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni wọ́n wò:
ó pọ̀ jù, kò lè gba ibí wọlé.
Mo wá òmíràn. Tiẹ̀ tún há ju ti àkọ́kọ́ lọ.
Òmíràn gbà, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀,
ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún,
ìdá méje,
òjò ṣú lórí Ìsẹ̀, iná lọ,
dátà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà bá àgbàrá lọ.

Nínú òkùnkùn yẹn ni mo rántí bàbá wa nílé kòkó,
Ìlésanmí tí ìjọba ní kó máa yẹ kòkó wò,
òun àti irin oníhò rẹ̀, ṣóńṣó bí ẹnu ẹ̀fọn.
Kì í tú àpò. Ta ló ráyè tú igba àpò?
Yóò gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò gún un nídìí,
ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tó,
yóò fọ̀bẹ la hóró kọ̀ọ̀kan sí méjì
bóyá ó ti bu, bóyá kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán.
Lọ́dún kan ó lu òǹtẹ̀ mọ́ àpò kan
tí òkúta wà láàárín rẹ̀ gbùngbùn.
Àgbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.
Bàbá wa ò tún rẹ́rìn-ín nílé kòkó mọ́.

Mo ní kí n gé e wẹ́wẹ́, kó máa wọlé lẹ́yọ lẹ́yọ.
Ejò tí a gé sọ́nà ogún ńkọ́,
ta ni yóò wo ègé kan kó pè é léjò?

Ó wá ku ìtẹ̀ka.
Bó ti wù kí fáìlì tóbi tó, ẹ̀rọ a máa gba ìka rẹ̀:
lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kò ju ìlà kan lọ.
Ìka nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Ìyẹn ò jẹ dátà.
Mo jókòó bí ẹni ń dúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.
Wọ́n dáhùn: a kò rí irú èyí rí.

A kò rí i rí.
Wọn ò ní ó mọ́. Wọn ò ní ó dọ̀tí.
Abọ́ṣẹ̀dé pariwo lórí fóònù, "Ṣé o rí i, kò sí nǹkan kan!"
Àbúrò mi, àlejò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ládùúgbò
kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe àna.
Báwo ni wọn ì bá tilẹ̀ ṣe mọ Màmá,
ẹni tí kò kọjá Ẹmùrè rí,
tó ń pe ilé ní ulé títí ó fi wọlẹ̀?

Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù àlòkù tí bọ́tìnnì mẹ́ta ti yọ lára rẹ̀,
mo pa ìntánẹ́ẹ̀tì, mo yọ gbogbo okùn,
mo ti ilẹ̀kùn pàápàá, bí òmùgọ̀.
Bó bá fẹ́ pa á, kó pa á.
Mo tú àpò náà.

Mẹ́tàlá ni wọ́n. Méjìlá jọra.
Ìrù orúkọ ọ̀kan ò jọ tàwọn yòókù.
N kò fọwọ́ kàn án.
Mo ṣí àkọ́kọ́: ewúrẹ́ ké, ẹnìkan wúkọ́,
àga dún gìrì,
lẹ́yìn náà Màmá, ketekete, bí ẹni pé èmi ló gbọ́:
"Ta nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ulé mi?"